Ẹ̀kọ́ Òṣèlú Lórí Ẹ̀rọ Alágbèéká

Ní ayé àtijọ́, bí ọba àti àwọn ìjòyè bá ti fi ẹnu ọ̀rọ̀ kan jóná ní ààfin, akéde ni wọn yóò rán jáde. Akéde a máa lu agogo kiri àdúgbò ní àṣálẹ́, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ti ti oko dé. A kéde ohun tí a rán an, a sì kọjá lọ. Ará ìlú gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè bi akéde léèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi rí bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí a rán an ni ó jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ní láti lọ bá baálé rẹ̀, kí baálé náà tó lọ bá ìjòyè àdúgbò. Ọ̀nà wà tí ìbéèrè ń gbà dé òkè, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní sùúrù láti rìn ín.

Ní ọdún 1859 ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ń jẹ́ Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Èrò rẹ̀ ni pé kí àwọn ènìyàn kọ́ láti máa wá ìròyìn nípa ìwé kíkà. Ìwé ìròyìn náà kò kọjá ọdún 1867, ọdún tí rògbòdìyàn lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú náà, ṣùgbọ́n àṣà tí ó dá sílẹ̀ kò kú. Títí di òní, a ń rí àwọn ọkùnrin tí wọn ń yí tábìlì ẹni tí ń ta ìwé ìròyìn ká ní òwúrọ̀, ní ìkóríta àti ní ibùdókọ̀, ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Púpọ̀ nínú wọn kì í rà á. Àkọlé gàdàgbà-gàdàgbà ni wọ́n ń kà, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n sì ń jiyàn lé lórí. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n lè pè wọ́n ní aláìníṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n jẹ́ ní tiwọn. Bí ẹnì kan bá sọ àsọdùn, ẹlòmíràn a na ìka sí ojú ìwé, a ní: “Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ẹ fi hàn wá.”

Ní ọdún 2001 ni ẹ̀rọ alágbèéká dé sí Nàìjíríà lọ́nà tí mẹ̀kúnnù fi lè ní in. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Facebook, WhatsApp, àti Twitter tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí X ní ọdún 2023, fi wọ àpò tọmọdé-tàgbà. Tábìlì tí ó wà ní ìkóríta di ohun tí a ń gbé kiri, akéde sì pọ̀ ju ará ìlú lọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà kan tí a ń rà ní náírà 65 di náírà 141 lójijì. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn tú sí ìgboro, títí ìjọba fi dá owó náà padà sí náírà 97 ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Ní àkókò yìí, ìbéèrè tí ó gba orí ẹ̀rọ kan kọjá ti iye owó epo. Kí ni a ń pè ní owó ìrànwọ́? Ta ni a ń san án fún? Inú ìwé wo ni a kọ ọ́ sí? Ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan, tí Olúṣeun Onígbìndé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dá ẹgbẹ́ BudgIT sílẹ̀ láti máa dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìwé ètò ìṣúná ìjọba nípọn, ó kún fún òǹkà àti fún ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹni tí kì í ṣe akọ̀wé. Ẹgbẹ́ yìí a máa yọ òǹkà náà jáde, a fi àwòrán tí ojú lè kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣàlàyé rẹ̀, a sì fi í sórí Twitter àti Facebook kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè jiyàn lé e lórí.

Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ kan náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Tracka, iṣẹ́ yìí ni ó sì dára jù lójú ẹni tí ó bá mọ abúlé. Àwọn aṣòfin a máa fi iṣẹ́ àkànṣe sínú ìṣúná fún ẹkùn wọn: kànga ẹ̀rọ níhìn-ín, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́hùn-ún, iná ojú pópó níbòmíràn. Orúkọ ìlú àti iye owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ Tracka a gbé ìwé náà lọ sí ìlú tí a dárúkọ, wọn a sì fi han àwọn ará ibẹ̀. Ní ibi púpọ̀, ará ìlú kò tíì gbọ́ rí pé a dá owó kankan sílẹ̀ ní orúkọ wọn. Wọn a ya àwòrán ilẹ̀ tí kànga ìbá wà, tí igbó ti bò, wọn a gbé e sí orí ayélujára, wọn a sì kọ́ ará ìlú bí a ti ń kọ lẹ́tà sí aṣòfin. Nígbà mìíràn, agbaṣẹ́ṣe tí a ti wá tì a ṣàdédé padà sí ẹnu iṣẹ́. Ẹ̀rọ kò gbẹ́ kànga. Ẹni tí ó gun ọ̀kadà lọ sí abúlé, tí ó sì jókòó ti àwọn àgbà níbẹ̀, ni ó jẹ́ kí àwòrán orí ẹ̀rọ ní ìtumọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó le ju èyí lọ dé ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dìde lòdì sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS. Àwọn agbẹjọ́rò gba orí Twitter kan, wọ́n ń ṣàlàyé ẹ̀tọ́ ẹni tí ọlọ́pàá bá mú. Abala 35 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé a gbọ́dọ̀ mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé iwájú adájọ́ láàrin ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ bá wà ní ìwọ̀n kìlómítà 40 sí ibi tí a ti mú un. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n dá Feminist Coalition sílẹ̀ ń gba owó ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì ń gbé ìṣirò iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde síwájú gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó wà nípò kò ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. A kéde ní ọjọ́ 11 oṣù náà pé a ti tú SARS ká. Ní alẹ́ ọjọ́ 20, àwọn sójà yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ sí ní Lẹ́kkí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wò ó lórí Instagram bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ìjọba pàápàá mọ agbára ohun tí a ń sọ yìí: láti oṣù Òkúdù ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, a ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2022 kan náà ni ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìtìpa náà lòdì sí òfin.

Ọwọ́ kan náà tí ń gbé òtítọ́ kiri ni ó ń gbé irọ́. Ní oṣù Ògún ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, iṣẹ́ kan tàn ká orí ẹ̀rọ lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn jí ara wọn lójú oorun. Àwọn kan di èrò ilé ìwòsàn nítorí iyọ̀ tí wọ́n mu, ìwé ìròyìn sì sọ pé ẹ̀mí bọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ní ti òṣèlú, a rí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé Muhammadu Buhari, tí ó wà lórí oyè nígbà náà, ti kú, àti pé ẹnì kan láti Sudan tí ń jẹ́ Jibril ni ó jókòó sípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ààrẹ fúnra rẹ̀ ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní ilẹ̀ Poland, ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 2018, pé òun gan-an ni.

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fi ń rìn jìnnà. Àwọn tí wọ́n yí tábìlì ìwé ìròyìn ká jẹ́ àlejò sí ara wọn, ẹnikẹ́ni ló lè na ìka. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ti mọ̀lẹ́bí, bàbá àgbà, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ó wà lójú kan. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá bá fi ìròyìn èké ránṣẹ́, ọmọdé wo ni yóò sọ fún un pé irọ́ ni ó pa? Gbogbo wọn a dákẹ́, tàbí kí wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, sà,” irọ́ náà a sì gba abẹ́ ọ̀wọ̀ kọjá lọ sínú ẹgbẹ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá kò ṣàìní ọ̀nà tí a fi ń bi àgbà léèrè láìfi ojú dí i. Ọmọ tí a kọ́ dáradára lè sọ pé: “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni wọ́n ti kọ ọ́? Ó jọ pé àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ sí yín ni kò wádìí rẹ̀ dé ìdí.” Ẹ̀bi náà kúrò lọ́rùn àgbà, ó di ti ẹni tí kò sí níbẹ̀, ìbéèrè náà sì dúró.

Àríyànjiyàn orí ẹ̀rọ ṣáájú ìdìbò ọdún 2023 pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò yóò fi rò pé kò sí ẹni tí yóò jókòó sílé. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò jẹ́ 93,469,008. Ìbò tí a dì fún ipò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé kò pé 25,000,000. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, ti ní ojú ewé kan lórí ayélujára láti ọdún 2020 níbi tí a ti lè rí àwòrán ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ibùdó ìdìbò náà jẹ́ 176,846 ní ọdún 2023. Lọ́jọ́ yẹn, àwòrán èsì ti ààrẹ kò tètè dé ojú ewé náà, àjọ náà ní ẹ̀rọ ni ó fa ìdádúró, ariyanjiyan rẹ̀ sì dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ.

Òfin sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè dìbò. Kò sọ pé kí ọmọ ọdún 16 má ka ìwé èsì tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ibùdó àdúgbò rẹ̀ nígbà tí ìdìbò bá ti parí, kí ó fi òǹkà ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan àti iye àwọn tí ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ wò wé ti àwòrán tí ó wà lórí ayélujára. Bí méjèèjì bá bára mu, ó ti mọ ohun kan dájú nípa ìlú rẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, ó ní ohun tí yóò gbé síwájú bàbá àgbà àti àwọn ẹ̀gbọ́n nínú ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú àwòrán méjèèjì.