Ẹ̀dá Inú Ìtàn

Kì í ṣe nípa pípè é ní ẹni rere tàbí ẹni burúkú ni òǹkàwé fi ń gba ẹ̀dá inú ìtàn gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀ ni í jẹ́rìí rẹ̀.

Ní ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì ń ròyìn ayé fàájì tí ó ti jẹ. Òǹkàwé púpọ̀ kà á sí ènìyàn gidi. A tilẹ̀ rí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó fi ọgbọ́n orí dá a. Ní 1930 ni ìtàn náà di ìwé.

Kí ni ó mú wọn gbà á gbọ́? Èkíní, àdúgbò àti orin Èkó tí wọ́n mọ̀ ni ó ń dárúkọ. Èkejì, bí àgbà obìnrin Èkó ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, inú rẹ̀ kò ṣe ọ̀kan: ó ń kábàámọ̀ ìwà rẹ̀, síbẹ̀ ìrántí rẹ̀ a máa dùn mọ́ ọn.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kúta, lẹ́bàá Ìwó, bá ń kọ ìtàn ìyá elélùbọ́ kan, kí ó má wulẹ̀ wí pé aláàánú ni. Kí ó fi í hàn lọ́jà, bí ó ti ń bá oníbàárà jiyàn nítorí owó díẹ̀, tí ó sì tún ń wọn agolo kan fún ọmọ òrukàn láìgba owó. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni yóò pè é ní aláàánú.