Bí A Ṣe Mọ̀ Nípa Àfàlá, Ìyá Àjàyí

Kí ni orúkọ ìyá tí ó bí ìyá ìyá yín? Bí a bá béèrè báyìí ní kíláàsì àwọn àgbà, orúkọ bàbá ńlá ni a máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Bí ó bá kan obìnrin, wọ́n á ní, "Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n." Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wọn ṣe ń sọnù. Àwa pàápàá tí a ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé, a ní láti lọ bi ẹ̀gbọ́n wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí orúkọ tirẹ̀ kò sọnù. Àfàlá ni, ará Òṣoògùn, lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Òun kọ́ ló kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Àjàyí ni, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní 1864.

Ìwé kìn-ín-ní ni lẹ́tà tí Àjàyí kọ ní 1837. Níbẹ̀ ni a ti kà á pé ní 1821 ni ogun kó Òṣoògùn. Wọ́n ti okùn bọ àwọn ènìyàn lọ́rùn. Àfàlá àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn, ọ̀kan sì jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan. Ní Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn bí ẹni pín ẹrù: Àjàyí lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ìyá àti ọmọ ọwọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n tún rí ara wọn fún oṣù díẹ̀ ní ìlú mìíràn, kí wọ́n tó mú Àjàyí lọ. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó sì di ará Sàró.

Ìwé kejì ni ìwé tí ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó kọ ọ́ pé ìyá òun wá òun wá sí Abẹ́òkúta. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹ yọ 1821 kúrò nínú 1846, ó ku 25. Ọmọdé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí ó ní aya àti ọmọ ni ó rí. Ara ìyá ń gbọ̀n. Wọ́n kàn ń wo ara wọn, ẹnu wọn kò gba ọ̀rọ̀. Níbẹ̀ náà ni a ti mọ̀ pé wọ́n tún ti mú ìyá yìí lẹ́rú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó fowó rà á padà. Bí Àjàyí kò bá kọ ọ́, ta ni ìbá sọ fún wa?

Ìwé kẹta ni àkọsílẹ̀ ìrìbọmi. Ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 ni Àfàlá ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹ ṣọ́ra níbí o! Ẹni tí ó ń wá Àfàlá lè kọjá lára Hannah láìmọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo orúkọ: àbísọ, oríkì, ti ìrìbọmi, títí dé Ìyá Alákàrà.

Àfàlá kú ní 1883. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Crowther, tí a bí ní 1864, ti di géńdé nígbà náà.

Ẹ lè ní, "Kò sí bíṣọ́ọ̀bù ní ilé tiwa." Ó dára. Ẹ tú àpótí wò: Bíbélì ilé, lẹ́tà àtijọ́, ìwé ilẹ̀. Ẹ tọ obìnrin tí ó dàgbà jù nínú ẹbí lọ. Ẹ má bi wọ́n pé ọdún wo ni wọ́n bí ìyá àgbà. Ẹ bi wọ́n bóyá ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ẹ mú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú orúkọ kan wá sí kíláàsì. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún yín, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́.