Eruku Oògùn Tí Aṣọ Iṣẹ́ Ń Gbé Wọlé

Àwọn ọmọ wa kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń po oògùn, yálà níhìn-ín n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó àti Ọ̀tà. Iṣẹ́ halaali ni, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń wo aláìsàn sàn lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le ní jàǹbá, bó bá ń fà á símú lójoojúmọ́.

Agbára oògùn kò dọ́gba. Hóró parasitamọ́ọ̀lù kan ní 500 mílígíráàmù oògùn nínú. Ẹ́sítírójìn inú hóró oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lè má ju 0.03 mílígíráàmù lọ. Bí a bá wọn ẹ́sítírójìn 500 mílígíráàmù, ó tó pín sínú hóró tó lé ní 16,000! Oògùn jẹjẹrẹ púpọ̀ náà lágbára bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú eruku wọn, tí ojú kò rí, ti tó láti ṣiṣẹ́ nínú ara.

Ní ọdún 1976, àwọn olùwádìí ìlera Amẹ́ríkà yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní Puerto Rico. Wọ́n bá ọkùnrin tí ọmú rẹ̀ wú, àti obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láìjẹ́ àsìkò nǹkan oṣù. Eruku ibi iṣẹ́ ló fà á.

Eruku yìí kì í dúró sí ibi iṣẹ́. Níbòmíràn, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọmú láìtọ́jọ́, nítorí ohun tó lẹ̀ mọ́ aṣọ òbí wọn. Ní Zamfara tiwa náà, lọ́dún 2010, eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé pa ọmọdé tó lé ní 400.

Ẹnìkan lè sọ pé eruku oògùn kì í ṣe nájísì, pé a lè fi aṣọ náà kírun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ba ìrun jẹ́ lè ba ara jẹ́, àlùwàlá kò sì rọ́pò ọṣẹ.

Nítorí náà:

1. Ojúṣe ilé iṣẹ́ ni láti po irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí a dé pa, tó ń fa eruku lọ. Ìbòmú ló gbẹ̀yìn, ìbòmú aláṣọ lásán kò sì tó.

2. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, ẹ má sì gbọn aṣọ iṣẹ́. Aṣọ tútù la fi ń nù ún.

3. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbẹ̀, kí ilé iṣẹ́ fọ̀ ọ́. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó lọ kí Jímọ̀ tàbí kí ẹ gbé ọmọ.

4. Kí aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ-ọmú tètè sọ fún ọ̀gá wọn, kí wọ́n gbé wọn kúrò nídìí oògùn náà.

5. Bí iṣẹ́ bá pa yín lára, òfin Employee's Compensation Act ti 2010 ní kí ẹ fi tó ilé iṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ 14.

Àmáánà Ọlọ́hun ni ara wa àti ọmọ wa. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ilé yín lónìí: "Níbo lo ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ?" Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa. Àmín.