Fífi Ẹ̀dọ̀ Lé Orí Òróòro

Nígbà tí àwọn Yorùbá bá fẹ́ kí ẹni tí ìdààmú bá ní ìfàyàbalẹ̀, wọ́n a ní kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Ẹni tí ó bá ti dúró ti alápatà rí, níbi tí ó ti ń la inú ẹran, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ lásán, nítorí pé abẹ́ ẹ̀dọ̀ ni àpò òróòro wà. Bí ẹ̀dọ̀ ti jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè rẹ̀ ni àwọn àgbà fẹ́ kí ọkàn ènìyàn jókòó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ gan-an ni ó ń kó ìpayà bá ènìyàn ńkọ́?

Nínú gbogbo ẹ̀yà inú ara, ẹ̀dọ̀ ni ó tóbi jù lọ. Apá ọ̀tún ni ó wà, lábẹ́ egungun ìhà, ìwọ̀n rẹ̀ nínú àgbàlagbà sì tó nǹkan bí kílógíráàmù kan àti ààbọ̀. Òun ni ó ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ fún ara, òun ni ó ń ṣe òróòro tí ó ń ran ara lọ́wọ́ láti da oúnjẹ ọlọ́ràá, òun ni ó sì ń sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ májèlé di aláìlágbára. Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké ìrora. Àrùn lè wà nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ẹni tí ó ni ín má mọ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí nǹkan bá pa ẹ̀dọ̀ lára, àwọn èròjà kan a máa jò láti inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, a sì lè wọn bí wọ́n ti pọ̀ tó. Síbẹ̀, pípọ̀ wọn nìkan kò tó láti fi sọ pé ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́. Ibà, ọtí, ọ̀rá, oògùn, àní iṣẹ́ alágbára pàápàá, lè mú wọn pọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ìlú Ìbàdàn, káfíńtà kan lọ sí ilé ìwòsàn láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. A kì í gba ẹ̀jẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n yẹ tirẹ̀ wò, wọ́n rí àmì àrùn tí ń mú ẹ̀dọ̀ wú, èyí tí a ń pè ní mẹ́dọ̀wú B. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé wọn kò lè lo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó tún fa díẹ̀ sí i láti mọ bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti rí, ó sì ní kí ó padà wá gba èsì ní ọjọ́ keje.

Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí kú kí ikú tó dé. Ní òwúrọ̀, yóò dúró níwájú dígí, yóò ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ láti wò bóyá ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ní ọ̀sán, yóò máa fi ìka tẹ ìhà rẹ̀ ọ̀tún títí yóò fi máa dùn ún, yóò wá sọ pé ìrora náà ni àmì àrùn. Ní òru, yóò máa wá ọ̀rọ̀ kiri lórí fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kú nìkan ni yóò sì máa rántí. Ó gé pákó ilẹ̀kùn oníbàárà kan kúrú, bẹ́ẹ̀ kò sì ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì ń sùn sí pálọ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún aya rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, aládùúgbò kan gbé ìgò àgbo kan fún un, èyí tí a rẹ sínú ògógóró. Ó ní bí ó bá mu ún tán, gbogbo àrùn ẹ̀dọ̀ ni yóò wábi gbà. Ìgò yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aláṣọ kan ní ọjà Gbági, wọlé.

“Ọmọ ìyá mi, kí ni nọ́ọ̀sì wí gan-an?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó wí?”

Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. “Rárá, mà. Ó ní àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò ni.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó mú ìwé wá. Ó ní kí ó kọ ohun tí a sọ fún un sí ojú kan, kí ó sì kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rò sí ojú kejì. Ìlà mẹ́ta péré ni ojú kìíní gbà. Ojú kejì kún dé ìsàlẹ̀.

“Ṣé o rí i?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀rù nìkan ni o ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, o sì ti dá ara rẹ lẹ́bi. Ní ti ìgò yìí, bí o bá mu ún, tí ẹ̀dọ̀ rẹ sì farapa, báwo ni dókítà yóò ṣe mọ̀ bóyá àrùn ni tàbí àgbo? Gbé e kalẹ̀. Lọ bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀, kí o sì gé ilẹ̀kùn tí o ti gbowó rẹ̀.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ó sọ ohun gbogbo fún aya rẹ̀. Obìnrin náà bú sẹ́kún. “Bàbá àwọn ọmọ mi,” ni ó wí, “èmi rò pé mo ṣẹ̀ yín ni.”

Ọjọ́ mẹ́rin tí ó kù kò yára ju ti ìṣáájú lọ, ẹ̀rù náà kò sì lọ tán. Ṣùgbọ́n ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìbéèrè kan bá sọ sí i lọ́kàn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ de dókítà. Kò fọwọ́ kan ọtí, kò sì tẹ ìhà rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, dókítà sọ fún un pé kòkòrò àrùn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Ó ní bí àgbàlagbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn yìí, ara púpọ̀ nínú wọn a máa lé e jáde. Bí ó bá ṣì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti di àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́, oògùn sì wà tí a lè fi tẹ̀ ẹ́ rì bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀. Kì í ràn nípa jíjẹun pọ̀ tàbí bíbọ ara ẹni lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀, abẹ tí a jùmọ̀ ń lò, ìbálòpọ̀ àti ìgbà ìbímọ ni ó ń gbà ràn. Kí aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, kí ẹni tí kò bá ní in, tí kò sì tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, wá gbà á.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ní ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1965 ni Baruch Blumberg, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kéde àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ti àrùn yìí ni. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1976. Láti ara iṣẹ́ náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ti jáde.

Báyìí ni ẹni tí ọjọ́ méje fẹ́ẹ̀ pa ṣe tún ní láti dúró fún oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó délé, ó ní kí aya rẹ̀ bu oúnjẹ òun sínú abọ́ tí gbogbo ilé ń lò, ó sì padà sínú yàrá rẹ̀. Àwọn àgbà ní, àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ẹni tí ó ń retí èsì kò lè fi ìpayà yí èsì padà. Ṣùgbọ́n ó lè fi ìpayà ba iṣẹ́ rẹ̀, ilé rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ kí èsì tó dé.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtumọ̀ “fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro”? Lò ó nínú gbólóhùn kan.
2. Kí ni ìdí tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ bí ẹ̀dọ̀ ti rí?
3. Kí ni ohun tí ìwé olójú méjì náà fi han káfíńtà náà?
4. Kí ni ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi jẹ́ kí ó mu àgbo náà?
5. Kọ àròkọ kan lórí òwe yìí: “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.”