Àwòrán, Ibo Ni Wọ́n Ti Yà Ọ́?

Bí o bá jí láàárọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí o jáde síta, kí ni o máa ń rí? O máa ń rí òkè. Òkúta ni àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n ga, orí wọn sì rí róbótó. Ẹni tó ń ti Cotonou bọ̀ nínú ọkọ̀ máa ń rí wọn láti òkèèrè. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé, "A ti dé Ṣábẹ̀ẹ́," ó ti mọ̀.

Òkè dà bí ojú ènìyàn. Òkè ìlú kan kì í jọ ti ìlú mìíràn tán. Òkè kì í sá kúrò ní àyè rẹ̀, kì í sì í purọ́. Fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. A óò padà sí i.

Àwòrán tó wọ inú fóònù Ìyá

Oṣù kẹsàn-án ni. Òjò ń rọ̀ púpọ̀. Bàbá ti lọ sí oko rẹ̀ létí odò Ouémé. Ó ní òun yóò sun oko ní ọjọ́ méjì. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, fóònù Ìyá dún. Ẹnì kan fi àwòrán ránṣẹ́ sí i. Nínú àwòrán náà, omi ti bo ilé. Àwọn ènìyàn dúró sórí òrùlé. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Odò Ouémé ti kún láàárọ̀ yìí. Ó ti gbé gbogbo oko tó wà lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́ lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn kíákíá!"

Ìyá ká ọwọ́ lérí. Ó kígbe pé, "Yéè! Ọkọ mi o!" Ó fẹ́ sáré jáde. Ó tún fẹ́ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ara Ìyá àgbà kò yá.

Ọmọ méjì wà nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n wà ní CM2. Àbúrò wà ní CE1. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Olùkọ́ wa sọ pé kí á máa bi àwòrán ní ìbéèrè kí á tó gbà á gbọ́."

Ìyá ní, "Ṣé àwòrán ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó ń sọ̀rọ̀, Ìyá. Ojú la fi ń gbọ́ ọ."

Ìbéèrè kìíní: Kí ni mo rí?

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán. Ó ní, "Àbúrò, má wo ohun tí wọ́n kọ. Sọ ohun tí o rí."

Àbúrò ní, "Mo rí omi. Mo rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo rí àwọn ènìyàn. Mo rí pátákó kan. Mi ò rí oko. Mi ò rí òkè. Mi ò rí Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n ní, "O ṣeun. Létí odò, òkè wa lè má hàn. Nítorí náà, ìyẹn nìkan kò tó. Jẹ́ kí á wò ó sí i."

Ìbéèrè kejì: Kí ni wọ́n kọ sínú àwòrán?

Ẹ̀gbọ́n fa àwòrán náà kí ó tóbi. Àbúrò ka ohun tó wà lára pátákó: P-H-A-R-M-A-C-Y.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọn ò mọ̀ ọ́n kọ! PHARMACIE ni ti ìlú wa."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Faransé ni tiwa. Wo nọ́ńbà fóònù tó wà lábẹ́ rẹ̀. 0803 ló fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà Nàìjíríà ni."

Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, 01 ni nọ́ńbà fóònù ní Benin fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ nọ́ńbà 10. Ṣáájú ìgbà náà, nọ́ńbà 8 ni. Bí o bá rí pátákó tó ní 01 níwájú nọ́ńbà wa, o mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá rí nọ́ńbà 8, má yára sọ̀rọ̀. Pátákó àtijọ́ lè wà níbẹ̀ títí di òní.

Èdè Yorùbá ńkọ́? A ń sọ Yorùbá ní Benin. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Tógò pẹ̀lú. Nítorí náà, bí o bá gbọ́ Yorùbá nínú fídíò, o kò tíì mọ orílẹ̀-èdè tí ó ti wá.

Ìbéèrè kẹta: Ìgbà wo ni?

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, oòrùn máa ń yọ láti apá Nàìjíríà. Ó máa ń wọ̀ ní apá Tógò. Láàárọ̀, òjìji wa máa ń gùn, ó máa ń nà sí apá Tógò. Nírọ̀lẹ́, ó tún máa ń gùn, ó máa ń nà sí apá Nàìjíríà. Ní ọ̀sán gangan, òjìji máa ń kúrú. Ó máa ń kóra jọ sábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n bèèrè pé, "Báwo ni òjìji àwọn ènìyàn tó wà lórí òrùlé yìí ṣe rí?"

Àbúrò wò ó dáadáa. Ó ní, "Ó kúrú. Abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ló wà."

"Wọ́n kọ ọ́ pé àárọ̀ yìí ni. Aago mélòó ni a wà báyìí?"

Àbúrò fò sókè. Ó ní, "Aago mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni! Ọ̀sán òní kò tíì dé!"

Ìbéèrè kẹrin: Ṣé àwòrán yìí ti jáde rí?

Irinṣẹ́ kan wà lórí fóònù tí wọ́n ń pè ní Google Lens. Ó jáde ní ọdún 2017. O lè fi àwòrán hàn án, yóò sì lọ wá irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n kò fi ọwọ́ kan fóònù lásán. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá, Ìyá sì gbà.

Kò pẹ́, wọ́n rí àwòrán náà gan-an. Wọ́n ti gbé e jáde ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìlú kan ní Nàìjíríà ni omi ti kún, kì í ṣe Ṣábẹ̀ẹ́. Àwòrán náà kì í ṣe ayédèrú. Omi kún lóòótọ́ níbi tí wọ́n ti yà á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni irọ́.

Ìbéèrè karùn-ún: Ta ni ó mọ̀ dájú?

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Kò sí ewu mọ́."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìyá, a mọ̀ pé àwòrán yìí kì í ṣe ti wa. Ṣùgbọ́n a ò tíì mọ bí odò ṣe rí lónìí. Ẹ jẹ́ kí á bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó lè fi ojú rí i."

Òótọ́ ni. Ìyá pe Bàbá kékeré. Bàbá kékeré gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ sí etí odò. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ó padà dé. Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Bàbá ni! Ó gbé ẹja lọ́wọ́. Omi odò ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò dé oko.

Bàbá ní, "Ta ló sọ pé omi ti gbé mi lọ?"

Ìyá ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú fóònù, ó kọ̀wé sí ẹni tó fi àwòrán ránṣẹ́: "Àwòrán yìí kì í ṣe ti Ṣábẹ̀ẹ́. Ó ti pẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn mọ́."

Pátákó ILE EKO

Nígbà mìíràn, a kò gbọ́ èdè tí wọ́n kọ sínú àwòrán. Google Translate lè túmọ̀ rẹ̀. Ó ti ń túmọ̀ Yorùbá láti oṣù kejìlá ọdún 2013. Wọ́n fi èdè Fọ̀n kún un ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè ṣìnà.

Wo pátákó yìí: ILE EKO. Wọn kò fi àmì sí i. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ó lè jẹ́ *ilé ẹ̀kọ́*. Ibẹ̀ ni a ti ń kàwé.
Ó lè jẹ́ *ilé ẹ̀kọ*. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ tí a fi ewé pọ́n.
Ó lè jẹ́ *ilé Èkó*. Èkó ni ìlú ńlá tó wà ní Nàìjíríà.

Ẹ̀rọ yóò mú ọ̀kan. Bí ó bá mú èyí tí kò tọ́ ńkọ́? Ìwọ, wo àwòrán náà dáadáa. Bí o bá rí àwọn ọmọ tó gbé báàgì, o mọ èyí tó jẹ́. Bí o bá rí ìkòkò àti ewé, o mọ èyí tó jẹ́. Ìdí nìyí tí olùkọ́ rẹ fi ń sọ pé kí o fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Àmì kékeré lè sọ ilé ẹ̀kọ́ di ilé ẹ̀kọ!

Òkè tó jẹ́rìí

A ti sọ pé òkè kì í purọ́. Ìtàn tòótọ́ kan nìyí.

Ní oṣù keje ọdún 2018, fídíò kan ń lọ láti fóònù dé fóònù. Àwọn ológun ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n pa àwọn obìnrin àti ọmọ wọn tí kò ṣẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ Kamẹrúùn ni. Ìjọba Kamẹrúùn kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe òótọ́. Àwọn kan ní ilẹ̀ Málì ni. Ta ni kí á gbà gbọ́?

Àwọn oníròyìn BBC Africa Eye wo fídíò náà dáadáa. Wọ́n rí àwọn òkè lẹ́yìn àwọn ológun náà. Wọ́n fi orí àwọn òkè náà wé àwòrán ilẹ̀ tí a yà láti ojú òfuurufú, èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wá a pẹ́. Níkẹyìn, wọ́n rí òkè tó bá a mu rẹ́gí, lẹ́bàá ìlú Zelevet ní àríwá Kamẹrúùn, nítòsí Nàìjíríà.

Wọ́n tún wo òjìji àwọn ológun náà bí wọ́n ṣe ń rìn. Òjìji wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àárín ọjọ́ 20 oṣù kẹta sí ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2015 ni ó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ àwọn ológun rán mẹ́rin nínú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Àwọn tó kú kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Òkè bá wọn jẹ́rìí. Òjìji bá wọn jẹ́rìí. Ẹni tó fi sùúrù wò ó ló gbọ́ ẹ̀rí náà.

Àwọn àgbà wa sọ pé: Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ìwọ náà lè ran òtítọ́ lọ́wọ́ kí ó tètè dé.

Rántí

1. Bo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán. Kọ́kọ́ wo àwòrán.
2. Wo òkè, ilé, pátákó, nọ́ńbà àti òjìji.
3. Bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kí o tó fi ọwọ́ kan fóònù.
4. Bí o bá rí àwòrán tó bà ọ́ lẹ́rù, pa á dé, kí o sì pe àgbàlagbà.
5. Ohun tí kò bá dá ọ lójú, má ṣe fi ránṣẹ́.

Dáhùn àwọn ìbéèrè yìí

1. Kí ló dé tí Ìyá fi kígbe?
2. Kí ni Àbúrò kà lára pátákó? Èdè wo ni?
3. Báwo ni òjìji ṣe fi hàn pé wọn kò ya àwòrán náà ní àárọ̀ ọjọ́ náà?
4. Lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ pé àwòrán náà kì í ṣe ti Ṣábẹ̀ẹ́, kí ló dé tí Bàbá kékeré tún fi lọ sí etí odò?
5. Fi àmì sórí EKO ní ọ̀nà mẹ́ta. Sọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Dúró ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ láàárọ̀. Ya òkè tí o rí sínú ìwé rẹ. Ya òjìji igi kan pẹ̀lú. Má ṣe kọ orúkọ ìlú sí i. Fi han ẹni tó jókòó tì ọ́, kí o bi í pé: "Ibo ni? Ìgbà wo ni? Báwo ni o ṣe mọ̀?"