Ilé Là Ń Wò: Ẹ̀kọ́ Lórí Atẹ́gùn, Ọ̀rinrin àti Ìlera Ìdílé

Ó ti di àṣà pé kí àwa tí a jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run máa kọ̀wé lórí ọkàn àti ìgbàlà nínú ìwé àjọ̀dún bí èyí. Lọ́tẹ̀ yìí, a bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fún wa láàyè láti kọ̀wé lórí ògiri, fèrèsé àti òrùlé. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n, a kò sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà mọ sọ́dọ̀ wa nìkan.

Ní ìgbà òjò kan, wọ́n pè wá sí agbo ilé kan lẹ́yìn Béyerúnká pé kí a wá gbàdúrà fún ọmọdékùnrin kan tí ikọ́ kò jẹ́ kí ó sùn lóru. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a lọ. Inú yàrá tí ọmọ náà ń sùn ni a ti ń kúnlẹ̀ gbàdúrà, òórùn ọ̀rinrin a sì máa gba wá nímú, ṣùgbọ́n a kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń wo ìyàwó ilé kan lójú burúkú, bí ẹni pé òun ni ó wà nídìí àìsàn náà. Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀karùn-ún, ìyá àgbà fẹ́ sún kọ́bọ́ọ̀dù kan kí àga lè rọ́nà kọjá. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Àlùfáà, ẹ bá wa fọwọ́ kan án.” Bí a ti sún un ni a rí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀: ó dúdú láti ilẹ̀ dé ìdajì, ó sì hu irun wẹ́wẹ́ bí ara ológbò. Fèrèsé kan ṣoṣo tí yàrá náà ní, wọ́n ti fi pákó kàn án pa nígbà tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ìta ilé. Ojú tì wá. A ti gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹrin, a kò sì wo ògiri lẹ́ẹ̀kan.

Ìtìjú yìí ni ó mú wa padà sí orí kẹrìnlá ìwé Léfítíkù, orí tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fò kọjá. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti yan iṣẹ́ kan fún àlùfáà: kí ó lọ wo ògiri ilé. Bí baálé bá rí àbàwọ́n tí ó jọ ẹ̀tẹ̀ lára ògiri rẹ̀, kí ó wá sọ. Àlùfáà yóò ní kí wọ́n kó ẹrù jáde ná, yóò sì wọlé lọ wò ó bóyá àbàwọ́n náà ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa, àti bóyá ó ti jìn sínú ògiri. Yóò ti ilé náà fún ọjọ́ méje, yóò sì padà wá. Bí ó bá ti ràn sí i, wọn yóò yọ òkúta tí ó bàjẹ́, wọn yóò ha ara ògiri, wọn yóò sì fi òkúta tuntun dípò, wọn yóò tún ilé rẹ́. Bí ó bá tún yọ lẹ́yìn èyí, wọn yóò wó ilé náà. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí àlùfáà wá aládùúgbò tí yóò di ẹ̀bi rù. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A fi kún un pé ilé là ń wò kí a tó sọ àìsàn ọmọ lórúkọ.

Kí ni ohun dúdú náà? Búrẹ́dì tí ó pẹ́ nínú ọ̀rá a máa bu. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni ó ń bu lára ògiri, a ó sì máa pè é ní èbu nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹbí olú ni. Irúgbìn rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ó wà nínú atẹ́gùn níbi gbogbo, kò sì sí ẹni tí ó lè lé e tán. Omi ni ó ń dúró dè. Bí ara ògiri, aṣọ tàbí pákó bá tutù, tí kò sì gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, èbu lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́nà jáde lórí ọ̀rinrin àti èbu nínú ilé. Ó fi hàn pé ikọ́, èémí tí ń fọn àti ikọ́ fée a máa bá àwọn tí ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ jà ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: níbo ni omi ti ń wá? Ọ̀nà mẹ́ta ni. Èkíní ń ti òkè wá, láti ara páànù tí ó ti dógùn-ún àti ìṣó tí ó ti yọ. Àjà ni ó ti ń fi àmì hàn. Èkejì ń ti ilẹ̀ wá, nítorí ògiri a máa fa omi sókè bí òwú àtùpà ti ń fa epo; ìsàlẹ̀ ògiri ni ọ̀dà ti ń wú tí ó ń ṣí. Ẹ̀kẹta ń ti inú ilé fúnra rẹ̀ wá: èémí wa, omi ìwẹ̀, ìkòkò tí ń hó, aṣọ tí a sá sínú yàrá. Iná kẹrosín àti ti gáàsì pàápàá a máa tú ọ̀rinrin sílẹ̀ bí wọ́n ti ń jó. Ẹ ti rí bí ìgò omi tútù ti ń làágùn lórí tábìlì. Inú ìgò kọ́ ni omi náà ti jáde. Inú atẹ́gùn ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ògiri tútù tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ṣe ń làágùn.

Òrùlé ni a ń tún ṣe fún omi òkè. Fún omi ilẹ̀, gọ́tà ni yóò gbé e jìnnà sí ìpìlẹ̀, àti ọ̀rá tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ ilé tuntun. Ṣùgbọ́n fún omi ẹ̀kẹta, atẹ́gùn ni oògùn rẹ̀. Ọ̀dà kì í wo ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Bí a bá dúró níwájú gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n parí ní 1929, a ó rí òrùlé páànù pupa tí ó tẹ́ lọ sí Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Abẹ́ àwọn òrùlé wọ̀nyí ni agbo ilé àwọn baba wa wà. Fèrèsé wọn kéré, yàrá wọn sì ṣókùnkùn. A kò ní purọ́ pé ọ̀rinrin kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà mọ bí a ti ń mí. Àgbàlá wà láàárín tí ó ṣí sí ojú ọ̀run, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yí i ká. Ibẹ̀ ni a ti ń dáná, tí a ti ń fọṣọ, tí a ti ń ṣeré. Oorun àti ẹrù ni yàrá wà fún. Amọ̀ ara ògiri a máa fa ọ̀rinrin mu, a sì máa dá a padà bí oòrùn bá ràn.

Àwa ọmọ wọn ni a dí ihò imú ilé náà. A fi páànù bo àgbàlá kí a lè rí yàrá mìíràn fi háyà. A kọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ fèrèsé tí ó kọjú sí títì. A fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ nínú lóde, omi tí ó bá wọ inú amọ̀ kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. A yọ fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tí ó ń ṣí tán, a fi èyí tí a ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ dípò, èyí tí kì í ṣí ju ìdajì lọ. Ní àwọn àdúgbò tuntun pẹ̀lú, a ń ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn, olè àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Ìbẹ̀rù wọ̀nyí tọ́, ṣùgbọ́n ojútùú wọn kì í ṣe kí a ti ilé pa bí àpótí.

Àpẹẹrẹ rere kò jìnnà sí wa. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàwòrán àwọn ilé University College, Ìbàdàn, atẹ́gùn ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n jẹ́ kí ilé gùn kí ó sì tín-ín-rín, wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ògiri oníhò sí i, kí atẹ́gùn lè wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ó sì jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo àṣírí náà kò ju èyí lọ: atẹ́gùn tí kò bá rí ọ̀nà jáde kò ní wọlé dáadáa.

Kí ni kí á wá ṣe?

Èkíní, kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì tí ó kọjú síra wọn. Bí fèrèsé bá jẹ́ ẹyọ kan, kí a lu ihò atẹ́gùn sí òkè ilẹ̀kùn, kí a má sì fi aṣọ wíwúwo dí i.

Èkejì, kí a ṣí ilé gbayawu lọ́sàn-án nígbà tí òjò bá dá, nítorí ọ̀rinrin inú atẹ́gùn a máa pọ̀ ní kùtùkùtù, a sì máa dínkù bí oòrùn bá ti ràn.

Ẹ̀kẹta, kí a fi nẹ́ẹ̀tì dènà ẹ̀fọn, kí a fi irin dènà olè, kí a sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà réré sí fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹ̀kẹrin, kí ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí a sì máa sá aṣọ síta.

Ẹ̀karùn-ún, bí èbu bá ti yọ, kí a kọ́kọ́ dá omi rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà kí a fi aṣọ bo imú, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí a má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, kí irúgbìn rẹ̀ má bàa fò kiri. Tìmùtìmù tí ó ti bu dé inú, kí a kó o dànù.

Ẹ̀kẹfà, ilé baba tí a fi àgádágodo tì nítorí pé àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó tàbí òkè òkun, kí a yan ẹni tí yóò máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Òtútù a máa mú kí wọ́n ti ilé pa, ọ̀rinrin inú ilé a sì máa di omi lára gíláàsì àti ògiri. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, tí ń gbé ní ìlú Rochdale, kú. Ní 2022, adájọ́ tí ó wádìí ikú náà sọ pé èbu inú ilé tí ó ń gbé ni ó ba èémí rẹ̀ jẹ́. Bàbá rẹ̀ ti fi ẹjọ́ sùn tipẹ́. Wọ́n ní kí ó kun ọ̀dà bò ó. Ikú ọmọ náà ni ó bí òfin tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ó pa á láṣẹ pé kí àwọn tí ń fi ilé ìjọba àti ti ẹgbẹ́ háyà máa tún ilé ọlọ́rinrin ṣe láàárín àkókò tí òfin dá. Níhìn-ín, a kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Àwa baálé, ìyálé àti onílé ni a ó jẹ́ òfin fún ara wa.

Ní ti ọmọ Béyerúnká, wọ́n gbé e lọ sí yàrá iwájú, wọ́n tú pákó fèrèsé, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ọyẹ́ tó dé, ó ti ń sùn mọ́jú. A kò sọ pé fèrèsé nìkan ni ó wò ó sàn, nítorí ó lo oògùn, a kò sì dẹ́kun àdúrà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó tún wo ìyàwó ilé yẹn lójú burúkú. Àwa fúnra wa sì ti pinnu pé bí a bá tún wọ yàrá aláìsàn, a ó wo ògiri ná kí a tó di ojú wa láti gbàdúrà.

Kí Olúwa tí ó mí èémí ìyè sí ihò imú ènìyàn jẹ́ kí ilé wa gba èémí. Àmín.