Bí Gáàsì Bá Ń Jó Tí Omi Kò Tètè Hó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n, láti ìgbà tí a ti ń fún yín ní gáàsì ìdáná láwìn, ẹjọ́ kan náà ni ẹ ń gbé wá: "Akọ̀wé, omi kò hó mọ́, ìdí ìkòkò sì ti dúdú." Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ dá ọjà padà. Ẹ sùúrù ná.

Ẹ wo àwọ̀ iná náà. Iná gáàsì tó dára a máa rí bí aró. Bó bá pọ́n, tó ń yọ èéfín, afẹ́fẹ́ kò tó o ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọbẹ̀ tó hó dànù ló dí àwọn ihò tí iná ń gbà jáde. Ẹ pa á, kó tutù, ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí inú ihò, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó dé e padà. Ẹ má fojú kékeré wo iná pupa o! Nínú yàrá tí a tì pa, ó ń mú atẹ́gùn olóró tí kò lóòórùn jáde, tí í pa ènìyàn lójú oorun.

Bí iná bá rí bí aró ṣùgbọ́n tí kò lágbára, bóyá gáàsì ló ń tán. Ẹ wọn sílíńdà, ẹ yọ ìwọ̀n òfìfo tí wọ́n kọ sí i lára kúrò. Ìyókù ni gáàsì yín. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti mọ̀ bóyá kílò 12.5 tí ẹ sanwó fún pé.

Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì ńkọ́? Ẹ má ṣáná wò ó láé. Ẹ ti orí sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, nítorí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sá sí. Ẹ má fọwọ́ kan iná mànàmáná. Bí òórùn bá lọ tán, ẹ ṣí sílíńdà, ẹ fi omi ọṣẹ pa họ́ọ̀sì. Ibi tó bá ti ń hó ló ti ń jò. Họ́ọ̀sì tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi àkísà dì í.